Ihò Mẹ́rìndínlógún Lára Ẹ́ńjìnì Ìjàpá

Aago méje òwúrọ̀

Ẹ́ńjìnì ọkọ Ìjàpá náà ti wà lórí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ti yọ kíráńkì, sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti písítìnì wọn wà nínú ọpọ́n, kéèsì fúnra rẹ̀ sì ti là sí méjì, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀. Ìbàdàn ni a wà, nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, lábẹ́ páànù tí oòrùn kò tíì ràn. Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ yìí kì í fọwọ́ kan ọkọ mìíràn ju Volkswagen tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn lọ. Irú wọn kò pọ̀ lójú títì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ní in mọ ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó nù ún gbẹ. Ọ̀gá mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń yẹ ihò àwọn stọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, mẹ́jọ lápá kan, mẹ́jọ lápá kejì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ sìlíńdà kẹta, kò nílò tọ́ọ̀ṣì mọ́. Stọ́ọ̀dù kan ṣì dúró níbẹ̀. Ó fi ìka méjì mú un, ó fà á, ó jáde wọ́ọ́rọ́. Tírẹ́ẹ̀dì kéèsì wé mọ́ ìdí rẹ̀ yípo yípo, bí èèpo ọsàn tí ọ̀bẹ bó láì já.

"Òun ló ń mú un ṣe fúù, fúù, bó bá ń gòkè," Ọ̀gá wí. Ó gbé stọ́ọ̀dù náà fún ọmọ iṣẹ́ kó wò ó dáadáa.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè pè é ní bóòtù lásán. Tọ́ọ̀pù kan ló bo sìlíńdà méjì nínú ẹ́ńjìnì yìí. Stọ́ọ̀dù mẹ́jọ á jáde lára kéèsì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà kọjá, wọ́n á la tọ́ọ̀pù já, nọ́ọ̀tì á sì dì wọ́n lóde. Gbogbo bí epo ṣe ń bú gbàù nínú sìlíńdà, àwọn stọ́ọ̀dù yìí ni kò jẹ́ kí tọ́ọ̀pù ṣí kúrò, ìdí wọn tó wà nínú kéèsì ló sì ń ru gbogbo ẹrù yẹn.

Oríṣi irin mẹ́rin ló wá pàdé níbẹ̀. Stọ́ọ̀dù jẹ́ irin líle, sìlíńdà jẹ́ irin tí a dà, tọ́ọ̀pù jẹ́ alumíníọ̀mù, kéèsì jẹ́ magnesium. Ooru kì í mú wọn wú bákan náà. Bí ooru kan náà bá mú wọn, alumíníọ̀mù á gùn tó bí ìlọ́po méjì irin, ti magnesium á tilẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀. Tọ́ọ̀pù á wú, á máa ti nọ́ọ̀tì síta. Stọ́ọ̀dù kò lè gùn bá a, ló bá ń fa tírẹ́ẹ̀dì inú kéèsì. Bí ọkọ bá gbóná, á fà; bó bá tutù, á dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún, magnesium sì ni ó rọ̀ jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ sìlíńdà kẹta ló sábà máa ń kọ́kọ́ já kò fara sin. Nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́ irú èyí, inú àpótí fáànù ni ọ́ìlì kúlà dúró sí, lókè ibẹ̀ gan-an. Atẹ́gùn tó yẹ kó tu sìlíńdà náà lára á ti kọ́kọ́ gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá. Àwọn tó ṣe ọkọ náà rí i, wọ́n sì gbé kúlà sẹ́yìn nínú ẹ́ńjìnì ti ọdún 1971, wọ́n la ọ̀nà atẹ́gùn tirẹ̀ fún un. Ẹni tó ń lo ti àtijọ́ kò rí ànfààní yẹn jẹ.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú

Bàbá tó ni ọkọ dé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ojú ọ̀nà Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti to ọkọ wọn, níbi tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì irú ti àtijọ́ ló wà nínú ọkọ náà. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti to Igala, ọkọ tí àwọn ará Brazil mọ̀ sí Brasília. Láyé ìgbà yẹn, olùkọ́ tó bá ní Ìjàpá ti kúrò ní ẹni tí a ń wò níran.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀ o, Ọ̀gá. Ṣé o ti rí ohun tó ń ṣe é?"

"Mo ti rí i, Bàbá. Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wá wò ó."

Ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà kẹta. Ohun pupa kan ń dán nínú rẹ̀, ohun ràkọ̀ràkọ̀ kan sì yí i ká. Wáyà kọ́pà ni, wọ́n fi Araldite lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò. Ẹni tó tún ọkọ náà ṣe gbẹ̀yìn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n; wọn kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà kò béèrè.

Ọgbọ́n yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì wa. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti já, wọ́n á fi òwú tàbí wáyà wé bóòtù, wọ́n á da gọ́ọ̀mù lé e, wọ́n á yí i wọlé. Ó lè dúró lára ìdérí tí ẹrù kankan kò sí lórí rẹ̀. Lára stọ́ọ̀dù tó di tọ́ọ̀pù mú, ìwà ìkà sí ẹ́ńjìnì ni mo kà á sí. Gọ́ọ̀mù yẹn á rọ̀ nínú ooru, nọ́ọ̀tì á dẹ̀, iná á máa jó jáde lẹ́nu tọ́ọ̀pù títí á fi jẹ irin rẹ̀. Ẹni tó ṣe é á ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá ní, "Ṣé èyí tó bàjẹ́ nìkan kọ́ la máa tún ṣe?"

"Rárá, Bàbá. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni."

"Mẹ́rìndínlógún! Méjì péré ló já."

"Méjì lẹ rí, sà. Wọ́n jọ ru ẹrù náà ni, ọdún kan náà ni wọ́n sì jọ fi rù ú. Bí a bá ṣe méjì, tí ìkẹta já lọ́dún tó ń bọ̀, a tún máa sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, a tún máa là á."

Bàbá dákẹ́, wọ́n ń ro owó. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ni mo gbà. Owó tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti títú àti títò. Ihò kan sí i kò ju owó irin díẹ̀ àti àkókò lọ. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tó lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: láàárín àwọn ọdún 1970, Volkswagen fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi búúṣì irin sínú ihò stọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́, wọ́n sì sọ stọ́ọ̀dù tó jẹ́ mílímítà 10 di 8, kó lè máa nà díẹ̀ bí ooru bá mú un, kó má baà fa kéèsì ya. Ohun tí àwọn tó bí ọkọ náà ṣe sí i ni Ọ̀gá fẹ́ ṣe.

"Ó dáa," Bàbá wí. "Ṣe gbogbo ẹ̀."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀

Ọmọ iṣẹ́ gba ọjà ẹ̀yà ọkọ Àráròmí lọ ní Gate. Kò rí búúṣì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé á rí i. Bíìtì 12.5 ló mú bọ̀, pẹ̀lú táàpù mílímítà 14 tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jìnnà síra ní 1.5, àti stọ́ọ̀dù àlòkù mẹ́fà láti fi dípò àwọn tí kò dára. Ọ̀gá yí stọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Èyí tó bá ń jó lórí gíláàsì ti tẹ̀. Ó dá méjì padà.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ìsọ̀ tọ́nà wà ní ìkángun ọgbà. Bóòtù ọkọ akẹ́rù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe búúṣì, nítorí irin rẹ̀ le, síbẹ̀ ọ̀bẹ léèdì ṣì lè jẹ ẹ́. Tọ́nà gé orí bóòtù dànù, ó dè é mọ́ ẹnu léèdì, ó lu àárín rẹ̀ ní 8.5, ó fi táàpù 10 la tírẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, kó tó wá fá òde rẹ̀ di 14, tó sì la tírẹ́ẹ̀dì sí òde náà. Ibi tó tín-ín-rín jù lára búúṣì náà kò ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ. Bí inú àti òde kò bá gba ojú kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan á fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á nípọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi tú irin náà kúrò lẹ́nu léèdì títí ó fi ṣe inú àti òde tán.

Ibí ni ẹwà iṣẹ́ náà wà lójú tèmi. Tẹ́lẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì mílímítà 10 ni magnesium fi di stọ́ọ̀dù mú. Nísinsìnyí, irin ni á di irin mú nínú búúṣì, magnesium á sì fi tírẹ́ẹ̀dì mílímítà 14 di búúṣì. Bí jíjìn ihò kò bá yí padà, ibi tí magnesium ti dì í mú á fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá. Kì í ṣe pé a dá kéèsì padà sí bó ṣe wà. A sọ ọ́ di ohun tó lágbára ju bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń sọ pé ohun tí a tún ṣe kò lè dà bí tuntun kò tíì rí irú iṣẹ́ yìí.

Oríṣi mìíràn wà, wáyà irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì, tí a máa ń yí sínú ihò. Ó dára púpọ̀ fún àwọn stọ́ọ̀dù kéékèèké, bí i mẹ́fà tó di ìdérí ọ́ìlì mú nísàlẹ̀ kéèsì, tí ọmọ iṣẹ́ aláìnísùúrù máa ń já. Fún ti tọ́ọ̀pù, búúṣì tó ki ni ó yẹ.

Aago kan ọ̀sán ku díẹ̀ kí búúṣì kẹrìndínlógún tó bọ́ sínú àwo. Wọ́n jẹun.

Aago méjì ọ̀sán

Wọ́n gbé apá òsì kéèsì sórí dírílì tó ń dá dúró. Ọ̀gá kò gbà kí wọ́n fi dírílì ọwọ́ ṣe é, ó sì jàre. Bí stọ́ọ̀dù bá gùn tó 200 mílímítà, tí ihò rẹ̀ sì yẹ̀ ní dígírì kan péré, orí stọ́ọ̀dù á yà tó mílímítà 3.5. Kò ní bá ihò tọ́ọ̀pù mu. Ẹni tó bá fipá tì í wọlé ti dá ìjà mìíràn sílẹ̀.

Wọ́n fi ojú kéèsì tí sìlíńdà ń jókòó lé ṣe ìwọ̀n, nítorí ojú yẹn ni stọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí. Súkúwíà ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ki bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ igun kan, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló lọ síbẹ̀ kí bíìtì tó yí rárá.

Tọ́nà wá na ọwọ́ sí ike omi funfun tó fi ń mú irin tutù. Ọ̀gá dì í lọ́wọ́ mú.

"Jọ̀ọ́, má fi omi sí i. Magnesium ni."

"Èmi rò pé alumíníọ̀mù ni."

"Ó jọ ọ́. Gbé e wò."

Tọ́nà gbé apá kejì kéèsì lọ́wọ́, ó sì rí i pé ó fúyẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ìwúwo magnesium kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti alumíníọ̀mù: 1.74 sí 2.7. Lára ọ̀pọ̀ kéèsì Volkswagen, àmì AS41 wà níbẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà: magnesium tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù bí ìdá 4 àti silicon bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan irú kéèsì yìí mọ ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Odidi kéèsì kì í ṣàdédé gbiná, ṣùgbọ́n èérún rẹ̀ tó tín-ín-rín lè gbiná bí bíìtì tó ti kú bá ń fi ara ha á títí tó fi gbóná. Bó bá gbiná, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Magnesium tó ń jó á já atẹ́gùn inú omi gbà, á sì tú hydrogen sílẹ̀, èyí tí òun náà ń gbiná. Ohun ìpaná oníkáábọ́nù dáyọ́ksáìdì kò ràn án, nítorí pé magnesium lè jó nínú gáàsì yẹn náà. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń dà bò ó. Ọ̀gá ti ní kí ọmọ iṣẹ́ yan iyanrìn nínú agbada láti àná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Garawa rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ tọ́nà, kò sì sí ẹni tó mu sìgá nítòsí.

Ohun tí kì í jẹ́ kó gbiná ni pé kí bíìtì mú, kó máa gé, kó má máa ha. Ọmọ iṣẹ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún kúrò lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á sínú agolo tó ní ìdérí. Bíìtì wọ inú magnesium láìjanpata.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Wọ́n kan ihò oníwáyà kọ́pà.

Wọ́n ti fi irin ṣóńṣó hú gọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Nígbà tí ó mọ́, ohun mìíràn hàn: ẹni àtijọ́ ti gbìyànjú láti lu ihò náà fẹ̀ pẹ̀lú dírílì ọwọ́. Ihò náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá ki bíìtì sínú ihò tó wọ́, ọ̀nà wíwọ́ yẹn ló máa tẹ̀lé, nítorí pé imú rẹ̀ ń wá ibi tí kò sí irin lọ. Bí dírílì tilẹ̀ dúró ṣánṣán, bíìtì á tẹ̀ sí i.

Tọ́nà dúró, ó wò ó títí. Ó tú bíìtì kúrò, ó lọ mú kọ́tà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ojú irin, tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ tí ó sì lé ní eyín kan ṣoṣo. Kọ́tà kì í wá ọ̀nà. Ibi tí a bá gbé e sí ló ń gé. Mílímítà 12 ni. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sókè, wọ́n gbá èérún, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Yára díẹ̀, iná lè lọ," ọ̀kan nínú àwọn tó ń wòran wí.

Tọ́nà kò gbójú sókè. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..." Kò parí rẹ̀.

Kọ́tà jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ títí ihò fi padà sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni bíìtì 12.5 tó kan tiẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ tààrà. Ó ku irin tó pọ̀ tó láti la tírẹ́ẹ̀dì sí yíká. Ká ní ẹni àtijọ́ ti yẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, wẹ́dà tó mọ magnesium í jó ni à bá máa wá, wọn kò sì wọ́pọ̀.

Iná lọ lóòótọ́, nígbà tí wọ́n wà lórí apá ọ̀tún. Tọ́nà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kéèsì tàbí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, bíìtì sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Yíyí táàpù kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí. Ẹnu dírílì ni wọ́n fi di táàpù mú kó lè wọlé láìwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi yí i. Magnesium rọrùn láti la tírẹ́ẹ̀dì sí, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn: kò ní ta kò ọ́ lọ́wọ́ kó o tó mọ̀ pé o ti ṣì í. Ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́ ní ihò mẹ́ta tó kẹ́yìn.

"Yí i síwájú ní ìdajì. Dá a padà díẹ̀. Gbọ́ bó ṣe já?"

"Mo gbọ́, sà."

"Èérún ló já yẹn. Bí o kò bá dá a padà, èérún yẹn ló máa fá tírẹ́ẹ̀dì rẹ jẹ."

Aago mẹ́fà

Wọ́n fi tínà fọ ihò àti búúṣì, atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ wọn gbẹ. Ọ̀gá fi Loctite pupa pa òde búúṣì yíká. Kì í ṣe kó má baà tú nìkan ni. Irin àti magnesium tó bá fara kanra níbi tí omi wà, magnesium ni á máa jẹ. Ó yí nọ́ọ̀tì méjì mọ́ ara wọn lórí bóòtù, ó fi bóòtù náà gbé búúṣì wọlé, títí ẹnu búúṣì fi rì ní ìdajì mílímítà sísàlẹ̀ ojú kéèsì. Bó bá yọ sókè bó ti wù kó kéré mọ, sìlíńdà ò ní jókòó dáadáa. Ìka rẹ̀ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ló fi rúlà irin gba orí rẹ̀ kọjá.

Bàbá ti padà dé. Wọ́n ka búúṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fúnra wọn.

"Fún ọ̀kan wò fún mi," wọ́n wí. "Kí n rí i pé ó dì."

Sípánà tí ń wọn agbára wà lórí tábìlì. Ọ̀gá kò mú un.

"Ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, Bàbá. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni Loctite yìí fi ń gan tán. Bí mo bá fún un nísinsìnyí, mo lè mú un yẹ̀ níbi tó jókòó sí."

"Kí la máa wá ṣe láàárọ̀?"

"A máa to kíráńkì, a máa pa kéèsì dé. Ìyẹn kò kan stọ́ọ̀dù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó ki stọ́ọ̀dù, a ó gbé sìlíńdà àti tọ́ọ̀pù sí i. Mo máa kọ́kọ́ fún gbogbo nọ́ọ̀tì dé 10 lórí sípánà, kí n tó wá fún wọn dé 32. N kò ní kọjá ibẹ̀."

"Tó bá ṣì ń gbà ńkọ́?"

"Bó bá tilẹ̀ ń gbà, sà. 32 ni."

Bàbá ní àwọn á dé ní aago mẹ́fà lọ́la láti wá wò ó.